Bí Àdùkẹ́ Ṣe Ní Ọkọ Méjì Láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́ tí ẹ rí mi lọ́jọ́ tí mo ń di páálí ìwé mọ́ orí mọ́tò, tí ẹ dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Púpọ̀ nínú yín ti darúgbó bíi tèmi báyìí. Àwọn mìíràn ti lọ síbi tí àgbà ń rè. Ẹ ti ń bi mí láti ọdún pípẹ́ pé kí ni mo rí ní Ìlobù tí mo fi ń rìn bí ẹni tó mu ẹmu nígbà tí mo padà dé. N kò dá yín lóhùn dáadáa rí, nítorí pé bí mo bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò gbà mí lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn nísinsìnyí tí ọwọ́ mi ṣì ń di bírò mú.

Àárín ọdún 1980 sí 1990 ni ọ̀rọ̀ yìí wáyé, nígbà tí pépà di ọ̀wọ́n ní ọjà. Kò tíì sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nígbà náà. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ìlobù àti Ìfọ́n wà, èmi sì jẹ́ ọkùnrin tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú.

Ìwé tó gba yàrá

Mo ti kúrò ní yunifásítì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, mo sì ti kọ ìwé kan. Orúkọ rẹ̀ ni Àdùkẹ́ Ti Ṣèlérí. Ọmọbìnrin kan ló ṣèlérí fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àkànbí pé òun yóò dúró dè é. Àkànbí lọ sí Gánà, ó pẹ́ níbẹ̀, kò ránṣẹ́ sílé. Tíṣà kan wà nílé tó fẹ́ràn Àdùkẹ́, tó máa ń gbé iṣu wá fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé àwọn àlejò kúrò ní Gánà, Àkànbí padà dé tòun ti báàgì kan ṣoṣo. Àdùkẹ́ wo báàgì náà, ó wo Àkànbí, ó sì fẹ́ tíṣà. Bí ìwé ṣe parí nìyẹn. Mo mọ̀ pé tíṣà ni èmi náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní Ìbàdàn gba ìwé àfọwọ́kọ mi, wọ́n sì jókòó lé e títí mo fi rò pé wọ́n ń sàba lé e bí ẹyin adìyẹ. Nígbà tí mo lọ bá wọn, ọ̀gá ibẹ̀ ní ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ìwé tí kò bá sí lára èyí tí ilé ẹ̀kọ́ ń lò, ta ni yóò rà á? Mo ní báwo ni yóò ṣe dé ilé ẹ̀kọ́? Ó ní wọ́n ní láti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ná. Ó dà bí ẹni tó ní kí n wọ bàtà kí n tó wọlé, tó sì jẹ́ pé inú ilé ni bàtà wà.

Mo bá fúnra mi gbé e lọ fún atẹ̀wé kan ní Àkúrẹ́. Ayàwòrán tó ya ẹ̀yìn ìwé fi aago sí ọwọ́ Àdùkẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Mo ní kí ló fa èyí. Ó ní, "Sà, ọmọbìnrin tó ń dúró de ọkọ gbọ́dọ̀ mọ aago tó lù." Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Àwọn ilé ìtàwé gba díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì tò ó sẹ́yìn ìwé orin àti Bíbélì, débi pé ẹni tó bá fẹ́ rí Àdùkẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ronú pìwà dà. Ìyókù kún yàrá kan nílé wa. Ìyàwó mi, Fọlákẹ́, kì í ṣe aláriwo, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi pé Ìyá Alákàrà tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ti ń béèrè nípa àwọn pépà yẹn. Ó fẹ́ máa fi wé àkàrà. Inú bí mi, mo sì búra níwájú rẹ̀. Mo ní n ó kó ìwé náà lọ sójú ọ̀nà. Èyí tí mo bá kó padà wálé, kí Ìyá Alákàrà máa gbé e lọ, n kò sì ní í kọ ìwé mìíràn mọ́ láyé mi.

Fọlákẹ́ ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Kò dá mi lójú rárá.

Ìkíni ní Ìlobù

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jẹ́ Gbádébọ̀, tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní yunifásítì. Ọmọ Ìlobù ni, tíṣà bíi tèmi. Òun ló ránṣẹ́ sí mi pé kí n kó ìwé mi wá, pé tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba kún ìlú àwọn, èèyàn tó mọ̀wé kò wọ́n àwọn.

Ẹ jẹ́ kí n fo ọ̀rọ̀ mọ́tò. Eruku ni, òórùn ewúrẹ́ sì ni. Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé, oòrùn ṣì wà lórí páànù àwọn ilé tó ti pọ́n. Ìyá Gbádébọ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn aṣọ tó ń tà. Ìyá Kùmási ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí pé Kùmási ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti lo ìgbà èwe wọn kí wọ́n tó lé wọn wálé ní ọdún 1969. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Akwaaba," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Káàbọ̀, ọmọ mi. Ọ̀nà ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Mà."

"Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́? Ara wọn le?"

Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. Mo rò pé ó ti tán, mo ń múra àtidìde.

"Àwọn tí ẹ jọ wá ńkọ́?"

"Èmi nìkan ni mo wá, Mà."

Ó na ìka sí àwọn páálí. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

Mo wo àwọn páálí. "Ara wọn le, Mà."

"Ẹ gbé wọn wọlé, kí wọ́n má dúró sóòrùn. Ẹni tó bá rìnrìn-àjò ti rìnrìn-àjò."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé n kò tíì mọ èèyàn kí. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá kí mi ní Ìlobù yóò kí àwọn ìwé náà. "Ará Oǹdó, ẹ ǹlẹ́ o. Àwọn ìwé ńkọ́?" Mo sọ títí pé Ìkàrẹ́ kì í ṣe Oǹdó, pé Ìpínlẹ̀ ló pa wá pọ̀. Wọ́n gbà pẹ̀lú mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì ń pè mí ní Ará Oǹdó lọ. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní ohùn ilé wa, kí wọ́n kàn gbọ́. Bí mo bá ti lanu, wọn a máa wo ara wọn, inú wọn a sì dùn bí ẹni rí òṣùmàrè.

Iyán ni ọkàn mi ń fẹ́, ẹ mọ̀ mí. Ẹ̀kọ Gánà tí wọ́n fi èèpo àgbàdo wé, tí wọ́n ń pè ní kẹ́ńkì, ni Ìyá Kùmási gbé síwájú mi, pẹ̀lú ata tútù lílọ̀ àti ẹja díndín. Ó kan díẹ̀ lẹ́nu. Omi bọ́ lójú mi nítorí ata. Mo tún bu òmíràn.

"Iyán wà nílé rẹ," ni ó wí. "Kí lo ṣe wá síbí bó bá ṣe pé ohun tó wà nílé rẹ náà lo fẹ́ jẹ?"

Ẹnu mi kò gbé jẹ́ẹ́

Mo jẹun tán, mo yó, atẹ́gùn ń fẹ́. Àwọn aládùúgbò ti wá kí àlejò, wọ́n jókòó káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn oníṣòwò aṣọ kan láti Ẹ̀rìn àti Ìfọ́n náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gba ọjà lọ́wọ́ ìyá. Ní ilẹ̀ yìí, àlejò tó bá jẹun tán ní láti sanwó oúnjẹ náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìyá Kùmási bi mí pé kí ló tilẹ̀ wà nínú àwọn páálí wọ̀nyẹn gan-an.

"Ìtàn ni, Mà."

"Ìtàn ta?"

"Ti ọmọbìnrin kan ni."

"Kí ló ṣe é?"

Ẹ̀yin ará ilé, mo dáhùn. Mo sọ ohun tó ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. N kò tíì rí àwọn tó ń gbọ́ ìtàn báyìí rí. Bí mo bá sọ̀rọ̀ kan, wọn a gbà á, wọn a bá a jà.

"Tíṣà yẹn ò dáa," ni obìnrin kan wí.

"Kí ló ṣe, Mà?"

"Ojoojúmọ́ ló ń gbé iṣu wá fún ìyá ọmọ. Ṣé ìyá ló fẹ́ fẹ́ ni?"

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ hó fún ẹ̀rín. Orí mi wú. Mo dìde dúró, mo ń fi ọwọ́ ṣe bí Àkànbí ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ń fi ohùn ìyá Àdùkẹ́ sunkún. Mo sọ ọ́ dé orí tó kẹ́yìn, dé ibi tí Àdùkẹ́ ti wo báàgì, tó sì lọ fẹ́ tíṣà. Mo jókòó, òógùn bò mí.



"Ó ti parí?" ni Ìyá Kùmási bi mí.

"Ó ti parí, Mà."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ó ṣa àwo jọ, ó wọlé lọ. Èmi rò pé ìtàn náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn ni.

Àdúrà kún agbọ̀n

Ní ọjọ́ kejì Gbádébọ̀ mú mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo to ìwé sórí tábìlì ní yàrá àwọn tíṣà. Gbogbo wọn dìde kí mi. Wọ́n ní mo kú iṣẹ́ ọpọlọ. Wọ́n gbé ìwé, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n béèrè ìdí tí Àdùkẹ́ fi wọ aago méjì, wọ́n sì rọra dá a padà sórí tábìlì bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn.

Tíṣà obìnrin kan kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ìtàn yín dùn púpọ̀, Sà. Ìyá mi ti sọ ọ́ fún mi láàárọ̀ kí n tó jáde."

"Ẹ ò wá ní í rà á, kí ẹ kà á?"

Ojú tì í díẹ̀. "Sà, bí èèyàn bá ti jẹ ẹ̀kọ tán, ṣé yóò tún padà lọ ra ewé rẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ náà ni níbi gbogbo. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pè mí síwájú, àlùfáà gbàdúrà pé kí Ọlọ́run sọ mí di ńlá láàárín àwọn òǹkọ̀wé, àmín tí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Bí ó bá ṣe pé àmín ṣeé dì sí páálí ni, ǹ bá ti kó ẹrù wúwo padà sílé. Ọkùnrin àgbà kan fún mi ní ọ̀pọ̀ iṣu nítorí pé ìtàn mi mú un rẹ́rìn-ín. Mo fi ìwé lọ̀ ọ́. Ó ní, "Rárá o, ọmọ mi, èyí tí mo gbọ́ ti tó mi." Kò sí ilé tí mo dé tí wọ́n jẹ́ kí n kúrò láìjẹun. Ṣòkòtò mi ń fún mọ́ mi nídìí, àwọn páálí mi kò sì fúyẹ́.

Gbádébọ̀ jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn, ó ń wò mí. "Ìwọ gan-an lo fà á. Ta ní ń pín ẹ̀bà kiri kó tó wá máa polówó gàrí?"

"Ìyá rẹ ló bi mí léèrè."

"Ìyá mi bi ọ́ pé kí ló ṣe ọmọ náà. O lè ní kí wọ́n lọ kà á."

"Ṣé èèyàn lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ?"

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Rárá. Kò ṣeé sọ."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ń gbọ́ òórùn àkàrà Ìkàrẹ́ nínú ọkàn mi. Gbádébọ̀ ní kò burú, Ìfọ́n wà níbẹ̀, ìtòsí ni, wọn kò tíì gbọ́ ìtàn náà níbẹ̀. Ó ní kí n lọ, ṣùgbọ́n kí n pa ẹnu mi mọ́.

Àjèjì tó gbọ́ ìtàn ara rẹ̀

Ẹ ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Ó wà kí wọ́n tó bí mi, ó ti kó ìbànújẹ́ bá ilé púpọ̀, n kò sì ní í fi ẹnu àlejò dá sí i. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé àwọn ará ìlú méjèèjì tún ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n ń ná ọjà ara wọn, àna ń lọ, àna ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu sì ń bá wọn rìn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan tó ń jẹ́ Múfú ni mo sọ páálí kalẹ̀ sí ní Ìfọ́n. Àwọn èèyàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, wọ́n ń jiyàn kíkankíkan. Múfú ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń bá wọn jiyàn láìgbójú sókè.

"Ẹ jókòó, Sà," ni ó wí. "Ó jọ pé ẹ mọ̀wé. Ẹ bá wa dá sí i. Ọmọbìnrin kan ló ṣèlérí fún ọkùnrin kan tó lọ sí Gánà. Àdùkẹ́ ni orúkọ rẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kọ ìwé rí, n kò mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ọkùnrin tí n kò rí rí, ní ìlú tí n kò wọ̀ rí, ń sọ fún mi nípa ọmọ tí mo fi orí ara mi bí. Ẹ̀rín ń gbé mi, mo ń gbé e mì. Múfú sọ ti iṣu, ó sọ ti ìyá, ó sọ ti ọkọ̀ tó gbé Àkànbí dé.

"Ó sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Àdùkẹ́ bá gbé báàgì náà, ó gbé e wọlé. Wọ́n fẹ́ra wọn. Tíṣà padà sílé pẹ̀lú iṣu rẹ̀."

"Rárá," ni mo wí. "Kò parí bẹ́ẹ̀. Tíṣà ló fẹ́."

Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ẹfun kún ọwọ́ rẹ̀ fò dìde lórí bẹ́ǹṣì. Tíṣà Oyèlọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é. "Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Obìnrin tó gbọ́n, tíṣà ni yóò fẹ́."

"Tíṣà, jókòó," ni Múfú wí. "Ìwọ kọ́ ló ń gbé ìyàwó." Ó kọjú sí mi. "Sà, ta ló sọ fún yín?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Múfú dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹ má bínú, Sà. Ẹni tó sọ ọ́ fún wa ní ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu òǹkọ̀wé gan-an ló sọ ọ́ fún òun. Wọ́n ní ọkùnrin kúkúrú kan ni, ará Oǹdó, tó ń jẹ kẹ́ńkì bí ẹni pé wọ́n bí i sí Gánà."

Gbogbo wọn wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo na ọrùn mi sókè díẹ̀. Mo ṣí páálí, mo fún Tíṣà Oyèlọ́wọ̀ ní ìwé kan. Ó ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó kà á sókè, ó tún un kà, ó sì jókòó bí ẹni tó jàre ní kóòtù.

Obìnrin kan na ọwọ́. "Ẹ fún mi ní ọ̀kan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlobù ló jiyàn yìí pa mí lánàá níwájú àwọn èèyàn. Ẹ ṣí i sí ibi tó parí sí fún mi. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn án."

"Ẹ ò ní í ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Mà?"

"Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ la ń jà sí?"

Bí ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nìyẹn. Ẹni tó ní àna ní Ìlobù rà á, ẹni tó ní oníbàárà ní Ìlobù rà á. Wọ́n ń ká ojú ewé tó kẹ́yìn létí, wọ́n ń fi sí abẹ́ apá. Kò sí ẹni tó béèrè orúkọ mi. N kò bìkítà. Ìyàwó Múfú gún iyán fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, iyán tó funfun tó sì ń dán bí àwo tuntun, mo sì jẹ ẹ́ láàárín àwọn àjèjì tí wọ́n ń jà nítorí ọmọ mi. Bí mo bá ní kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, lára ọjọ́ tó dùn jù lọ láyé mi ni.

Inú báàgì

Ìwé náà yára jù mí lọ. Kí n tó padà dé Ìlobù, àwọn èèyàn ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Kùmási.

"Ará Oǹdó, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ fi Àdùkẹ́ fún tíṣà?"

Mo fi ojú ewé náà hàn wọ́n. Wọ́n kà á. Wọ́n dá a padà. Ọkùnrin kan ní ìwé náà ṣìṣe. Mo ní kó rà á kó lè fi ibi tó ti ṣìṣe hàn mí. Ó ní, "Ta ní ń fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀bi?"

Nígbà tí wọ́n túká díẹ̀, mo lọ jókòó ti Ìyá Kùmási níbi tó ti ń ká aṣọ.

"Mà, ta ló yí òpin ìtàn mi padà?"

"Èmi ni." Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí o sọ ọ́ ni. Ẹni tó bá wá ra aṣọ, mo sọ ọ́ fún un bó ṣe yẹ kó rí."

"Kí ló dé, Mà?"

"Báàgì tí Àkànbí gbé dé, kí ló wà nínú rẹ̀?"

Èmi ni mo kọ báàgì náà, n kò wo inú rẹ̀ rí. "N kò ronú débẹ̀, Mà."

"Àdùkẹ́ náà ò tú u wò?"

"Kò tú u."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ nu ojú. "Irú ọmọ wo lo bí yìí? Ọkùnrin dé láti ọ̀nà jíjìn, kò tú ẹrù rẹ̀, ó kàn ń lọ sílé tíṣà."

Ó wá sọ fún mi nípa báàgì tiwọn. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, ọjà ìsọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀dì wọn, ohun gbogbo dúró sí Kùmási. Ọkọ rẹ̀ sáré wọlé, ó ní òun yóò mú ohun tó ṣe pàtàkì. Nígbà tí wọ́n dénú ọkọ̀, ó ṣí báàgì, ó bá asánká níbẹ̀, àwo amọ̀ tí inú rẹ̀ rí ṣákaṣàka tí àwọn ará Gánà fi ń lọ ata.

"Mo bá a jà láti Kùmási dé Ìlobù. Mo ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ kó nǹkan, ìwọ kó àwo ata. A délé, àwọn ará ilé ń wo báàgì wa bí ọmọ rẹ yẹn ṣe wò ó. Àwọn tí a jọ bọ̀ sì kún àdúgbò, gbogbo wọn ni kẹ́ńkì ń wù jẹ, kò sí ẹni tó ní ohun tí yóò fi lọ ata rẹ̀ kó dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà. Láti ibẹ̀ ni mo ti dé ìdí aṣọ tí o rí yìí." Ó gbé aṣọ tó ká tán sórí èkejì. "Ọkọ mi ti lọ. N kò sọ pé kí Àdùkẹ́ má fẹ́ tíṣà o. Mo ní kó kọ́kọ́ tú báàgì ná."

Ní ẹ̀yìn ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé mi, ewé kan wà tí atẹ̀wé fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i. Mo mú bírò. Níbẹ̀, lórí ìtì aṣọ, mo kọ ọ́ pé Àdùkẹ́ padà kó tó dé ilé tíṣà, ó kúnlẹ̀, ó tú báàgì, ó rí àwo ata, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé kò lè dìde mọ́, Àkànbí ló wá fà á sókè.

"Kà á," ni Ìyá Kùmási wí.

Mo kà á fún un. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi sáàárín aṣọ rẹ̀ níbi tó ń fi owó pamọ́ sí. "Èyí ti ṣeé rà."

Gbádébọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló tú àṣírí náà. Kò pẹ́ tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tún fi kún. Wọ́n ra ìwé, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú tiwọn náà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kò fẹ́ àwo ata. Ẹni tó ti Gánà bọ̀, ohun tó wà nínú báàgì tirẹ̀ ló fẹ́. Ẹnì kan ní kí n fi bàtà ọmọ sí i. Ẹlòmíràn ní àlùmọ́gàjí tí òun fi ń gé irun. Bàbá kan ronú títí, ó ní kí n kọ ọ́ pé báàgì náà ṣófo, pé òun fúnra rẹ̀ kò kó nǹkan kan bọ̀, ìyàwó òun sì mọ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi wú. Gbádébọ̀ gba bírò, òun náà ń kọ. Ẹ̀rín àti ẹkún pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà débi pé àwọn tó ń kọjá lọ rò pé ìkómọ là ń ṣe. Lónìí, bí ẹ bá rí ìwé Àdùkẹ́ kan ní Ìlobù, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó má rí bí èkejì.

Ẹ̀bẹ̀ Tíṣà Oyèlọ́wọ̀

Ọjọ́ tí mo fẹ́ padà sílé, mo ṣí páálí tó kù, mo bá a pé ó ṣófo. Mo wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tó ń wá ọmọ tó sá pamọ́. Ìyá Kùmási di kẹ́ńkì fún mi, ó ní kí n fi kí Fọlákẹ́. Bí mo ṣe ń dọ̀bálẹ̀ dágbére ni mo gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́. Tíṣà Oyèlọ́wọ̀ ló gùn ún láti Ìfọ́n, Múfú jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ìwé Àdùkẹ́ wà lọ́wọ́ Múfú.

Wọ́n kí ìyá, wọ́n kí èmi, wọ́n kí Gbádébọ̀. Tíṣà gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri.

"Sà," ni ó wí níkẹyìn, "a gbọ́ pé ẹ ti tún un kọ ní ìhín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"A kò wá jà. Bó bá tú báàgì tó sì rí nǹkan tó wù ú, kò burú. Ṣùgbọ́n tíṣà yẹn ńkọ́? Ó ti gbé iṣu tó pọ̀ lọ sílé yẹn."

"Láti àná ni Tíṣà wa yìí kò ti jẹun dáadáa," ni Múfú sọ fún mi. "Ẹ dákun, Sà, ẹ wá nǹkan ṣe sí i. Kò jẹ́ kí n rí aṣọ rán."

"Ẹ fún òun náà ní ìyàwó," ni Tíṣà Oyèlọ́wọ̀ wí, ó sì na ìwé rẹ̀ sí mi.

Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ewé funfun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ìtàn ìgbéyàwó odindi kò lè gba inú ewé kan, pé ìwé mìíràn ni yóò gbà.

"Ẹ kọ ọ́, Sà. Ẹ kó o wá sí Ìfọ́n tààrà. Ẹ má tilẹ̀ yà sí Ìlobù."

Ìyá Kùmási ní òun gbọ́ o. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí páálí tó ṣófo náà, mo mú bírò jáde, mo bi í pé irú ìyàwó wo ló rò pé yóò bá tíṣà náà mu, tó kàwé ni àbí oníṣòwò, tó ga ni àbí kúkúrú.

Tíṣà Oyèlọ́wọ̀ wo ilẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ fa eruku. "Èyíkéyìí tó bá wù yín, Sà. Kó ṣáà ti jẹ́ ọmọ Ìfọ́n."